Àárín Tí Aláàárín Kọ̀ Láti Yà

Tàdáwà ara fíìmù náà kò tíì gbẹ. Àǹtí Síńmá tẹ́ ẹ sórí tábìlì oníná, ó fi ìka kan àwòrán ọkùnrin kan tó gbé òòlù sókè, ìka rẹ̀ sì dúdú. Ó gbé ìka náà sí imú. Òórùn tàdáwà tútù ni, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìgò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú àjà ni àwọn tó ń wó ilé ti rí fíìmù yìí, nínú agolo tó ti dípẹtà, níbi tó ti wà láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń rákò nílẹ̀. Ó nu ìka mọ́ àkísà, ó ní ooru àjà ló yọ́ ọ. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tu ara rẹ̀ nínú kì í pẹ́ rí i.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú fíìmù ló sọ ọ́ ní Àǹtí Síńmá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba fíìmù àtijọ́ tó ti ya, tó ti lẹ̀ mọ́ra, tó ti ń rùn bí ọtí tó kan, kó fọ̀ ọ́, kó gé ibi tó bàjẹ́, kó sì lẹ ìyókù pọ̀ títí tí yóò fi lè rìn lójú ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀gá rẹ̀ a máa fi ṣàwàdà pé bí wọ́n bá gbé òkú sílẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ bèèrè téèpù. Àmọ́ ti òní yìí kì í ṣe fíìmù ẹlòmíràn. Bàbá rẹ̀ ló ṣe é, òun àti àbúrò rẹ̀.

Fíìmù àfọwọ́yà ni. Àwọn méjèèjì kò ní kámẹ́rà, orí fíìmù funfun báláú gan-an ni wọ́n ti ń yàwòrán, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, wọ́n á gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e, wọ́n á máa fi gègé tín-ín-rín fà á. Bàbá ló ń ya ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ló ń ya ìparí. Bí ọkùnrin inú àwòrán bá fẹ́ jókòó, Bàbá á yà á lórí ìdúró, á sì yà á lórí ìjókòó, ó tán. Gbogbo bíbẹ̀rẹ̀ tó wà láàárín, títẹ orúnkún, fífi ọwọ́ wá àga lẹ́yìn, àbúrò rẹ̀ ló ń yà á. Ìdí nìyí tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Aláàárín. Bàbá ń sọ ibi tí èèyàn ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n Aláàárín ló ń mú un rìn. Ta wá ni wọ́n ń yìn? Ẹ ò tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi mí. Ẹ̀yìn ríro ni Aláàárín rí gbà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ kan, Aláàárín jáde, kò wọlé mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni fíìmù wọn tó dára jù lọ pòórá. Bàbá sọ fún gbogbo ẹni tó bèèrè pé àbúrò òun ló jí i gbé sá lọ. Àwọn oníwèé ìròyìn gbé e, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ń sọ̀rọ̀ lórí fíìmù tí ẹnikẹ́ni wọn kò rí rí, orúkọ Bàbá sì ń ròkè sí i. Ìyá Àgbà nìkan, ìyá tó bí àwọn méjèèjì, ni kò gbà. "Ọmọ mi kì í ṣe olè," ni yóò wí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn ìta lálaalẹ́, kí ọmọ rẹ̀ má bàa dé kó máa kànkùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí tí wọ́n fi gbé òun fúnra rẹ̀ gba ẹnu ilẹ̀kùn kan náà jáde.

Inú Àǹtí Síńmá dùn sí fíìmù tí wọ́n rí yìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bàbá ti darúgbó, kò ní ẹlòmíràn láyé ju òun ọmọ rẹ̀ lọ, ọ̀gá sì ti ní wọ́n máa ṣe àfihàn ńlá, wọ́n á gbé Bàbá síwájú, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un kó tó kú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń họ ọ́ lọ́kàn. Bí Aláàárín bá jí fíìmù gbé sá lọ, kí ló gbé fíìmù dé inú àjà ilé iṣẹ́ Bàbá? Ó fọwọ́ gbá ìbéèrè náà sẹ́yìn, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó fi ẹ̀rọ síńmá gbé e sójú ògiri, òun àti ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló wà nínú yàrá. Àwọn afọ́kùúta méjì jáde, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ní iwájú orí Bàbá, gbàgàdà. Àbúrò ní etí Aláàárín, tó nà síta bí ọwọ́ ìkòkò. Wọ́n ń fọ́ òkúta, òkúta ń ta mọ́ wọn lójú, fìlà ń jábọ́, ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ìjà dé lórí òkúta ńlá kan. Àbúrò kúnlẹ̀ láti gbé e, ẹ̀gbọ́n gbé òòlù sókè lẹ́yìn orí rẹ̀.

Ògiri wá funfun. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìmọ́lẹ̀ àti ariwo ẹ̀rọ lọ. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán padà dé, òun sì ni ìkẹyìn: èèyàn kan dojú bolẹ̀, orí rẹ̀ fọ́, ilẹ̀ dúdú yí i ká. A kò rí ojú rẹ̀, a kò rí etí rẹ̀.

"Wọn ò parí ẹ̀ ni?" ọ̀gá bèèrè.

"Àárín ló kù, sà. Iṣẹ́ bàbá kékeré mi ni."

Ó dé ilé, ó bá Bàbá lórí àga rẹ̀ nítòsí fèrèsé, ó ròyìn fún un pé wọ́n ti rí fíìmù. Ó ń retí ẹkún ayọ̀. Bàbá kò bèèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Àárín ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ṣì funfun?"

"Ó funfun, sà."

"Lọ sun ún lọ́la. Má jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la ṣú bá a."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Fíìmù tí gbogbo ayé ń wá?" Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú lórí itan, ó ń wò ó bí ìgbà tí èèyàn ń ṣọ́ ajá tí kò fọkàn tán.

Kò sun ún. Lọ́jọ́ kejì ó ṣí agolo, ó fa fíìmù jáde dé ibi tó funfun, tí kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Kò funfun tán mọ́. Àwòrán tuntun ti wọ inú rẹ̀, tàdáwà wọn ń dán. Ó gbé awò lé e. Àbúrò tó kúnlẹ̀ ti yíjú padà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti àwòrán dé àwòrán, ó dé ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, ó dì í mú. Àǹtí Síńmá mọ ọwọ́ tó ń fa ilà yẹn. Ilà Bàbá nípọn, ó sì gbóná. Èyí ń tẹ́ẹ́rẹ́ níbi oríkèé, ó ń ní sùúrù, bíi ti gbogbo àárín tó wà nínú fíìmù náà. Nínú àwòrán tó kẹ́yìn nínú wọn, ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ti yí síbi tí ọrùn ọwọ́ èèyàn kì í yí sí.

Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ilé kejì sí tiwọn ni. "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ nílé. Ọwọ́ Bàbá ti ṣẹ́."

Ṣíṣẹ́ kọ́ ló yẹ kí wọ́n pè é. Egungun ti gún awọ jáde, funfun, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin apá àga gbingbin. Bàbá ní òun ṣubú ni. Nọ́ọ̀sì fa Àǹtí Síńmá sí kọ̀rọ̀. "Ìṣubú kọ́ rèé. Ẹnì kan ló lọ́ ọwọ́ yìí, ó sì fara balẹ̀ lọ́ ọ." Ó fi ibì kan hàn án lókè ibi tó ṣẹ́: ojú ìka èèyàn ló tò síbẹ̀, dúdú, tí ọṣẹ kò lè bó.

Ó yẹ kó sun fíìmù náà lọ́jọ́ yẹn. Èmi tí mò ń sọ̀tàn yìí, ohun tí mo máa ṣe nìyẹn, bí ẹ̀yin náà ṣe ń rò pé ẹ̀ bá ṣe. Ṣùgbọ́n òun kì í sun fíìmù. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń gbà wọ́n lọ́wọ́ iná. Ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, ó lọ.

Nígbà tó tún ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òòlù ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Àbúrò ti dìde dúró, òun ló di òòlù mú, ó ti fì í sẹ́yìn, ojú ibi tí òòlù ń lọ sì hàn gbangba: orúnkún ẹ̀gbọ́n. Ibi funfun tó kù kò ju ìbú ọwọ́ lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó dojú bolẹ̀ yẹn. Àǹtí Síńmá wò ó, ara rẹ̀ bù máṣọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé fíìmù yìí wá, gbogbo wọn ló gbà pé àbúrò ló nà sílẹ̀ níbẹ̀. Ta ló sọ fún wọn? Ẹni tó dojú bolẹ̀ kò ní orúkọ. Ẹni tó bá ya àárín ni yóò sọ ẹni tó ṣubú.

Ó kó fíìmù sínú báàgì pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, sísọ́ọ̀sì, téèpù, gègé àti ìgò tàdáwà tó fi ń tún ilà tó bá ṣí ṣe, àti ìdì fíìmù funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú èyí tó bá tún ṣe. Ó sáré délé.

Bàbá wà lórí àga, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú báńdéèjì. Ó ṣí ẹnu láti kí ọmọ rẹ̀ káàbọ̀. Nǹkan kan dún nínú yàrá, bí òkúta ṣe ń dún bó bá là. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ wọnú. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń ta wọlé, orúnkún náà kàn rún lábẹ́ ṣòkòtò, ẹsẹ̀ sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó tó ráyè ké, ti òsì náà dún. Ó já bọ́ láti orí àga, ó fi àgbọ̀n gbá ilẹ̀, eyín rẹ̀ kan sì yí lọ sábẹ́ tábìlì.

Àǹtí Síńmá kúnlẹ̀ tì í, ó gbé orí rẹ̀ sórí itan. Ẹ̀rù ń bà á, inú sì ń bí i, kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

"Bàbá, níbo ni Bàbá Kékeré wà?"

Ohùn Bàbá kò ju èémí lọ. "Mo ní kó ya àárín yẹn. Ó kọ̀. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, etí tèmi lẹ yà sí i lórí, mi ò ní fọwọ́ ara mi ya ikú ara mi.' Mo ní fíìmù ni, kì í ṣe ayé. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n yà, òun ò tíì rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òòlù tá a fi ń kan férémù wà lórí tábìlì. Mo kàn fẹ́ fi bí apá ṣe ń wálẹ̀ hàn án ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan lẹ fi hàn án?"

Bàbá wo ògiri. "Rárá."

"Níbo lẹ gbé e sí?"

"Wọ́n ń ṣe ìpìlẹ̀ táǹkì omi ilé yìí lọ́sẹ̀ náà. Èmi fúnra mi ni mo po sìmẹ́ńtì."

Omi táǹkì yẹn ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ dàgbà. Òun náà ni Ìyá Àgbà ń bù ní gbogbo àárọ̀ ayé rẹ̀, tí yóò dúró tì í, tí yóò máa na ọrùn wo ojú ọ̀nà bóyá ọmọ òun ń bọ̀. Àǹtí Síńmá rántí ìyẹn, ó sì fẹ́ gbé orí tó wà lórí itan rẹ̀ jù sílẹ̀. Kò gbé e jù. Ọwọ́ tí Bàbá fi gbé òòlù náà ló fi ń di irun rẹ̀ fún un nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó máa ń dì í bàjẹ́, òun a sì máa rẹ́rìn-ín lọ sí ilé ìwé.

"Gbọ́," Bàbá sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àwòrán ìparí yẹn ló ń yà lọ bá. Gé e kúrò. Aláàárín ò lè dé ibi tí kò sí. Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Má jẹ́ kó pa mí."

Ó mọ ohun tó tọ́ sí apànìyàn. Ó mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ó fa fíìmù jáde, ó wá ẹni tó dojú bolẹ̀ rí, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e, ó jù ú sínú àwo, ó ṣáná sí i. Fíìmù àtijọ́ kì í bá iná jiyàn. Ó gbiná pàà, èéfín rẹ̀ ta wọn nímú, ó tán.

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó tiẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ọmọ dáadáa," ó ní.

Báàgì bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣìnrìnṣìnrìn. Àǹtí Síńmá fà á sọ́dọ̀. Ìdì fíìmù funfun rẹ̀ ló ń tú nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń yí, ó ń jáde, bó sì ṣe ń jáde ni àwòrán ń hù lára rẹ̀. Òòlù ròkè. Òòlù wálẹ̀. Òòlù ròkè. Kò tíì lóye rẹ̀ tí èjìká Bàbá fi wó. Lẹ́yìn náà egungun ìhà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ igi ìdáná. Lẹ́yìn náà àgbọ̀n. Lẹ́yìn náà, orí.

Ó fi ara rẹ̀ bo Bàbá mọ́lẹ̀. Òòlù gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ó ń bá ẹni tó ń bá lọ. Ẹ̀jẹ̀ fọ́n sí i lójú, ó gbóná, ó wọ ẹnu rẹ̀. Agbárí Bàbá ti wọnú lápá kan débi pé kò sí ẹ̀mí tó yẹ kó ṣẹ́kù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá là sílẹ̀, ó ń wò ó. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò lè kú. Ikú rẹ̀ ló wà nínú àwo lọ́hùn-ún, tó ti di eérú, òun ọmọ rẹ̀ ló sì sun ún. Àárín tí kò ní ìparí, kí ló máa dá a dúró? Aláàárín yóò máa yà lọ títí fíìmù ayé yóò fi tán.

Ẹnu Bàbá mì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ti inú ẹ̀jẹ̀ jáde.

"Yà á."

Ó ní òun ò gbọ́. Ó gbọ́. Òòlù wálẹ̀, ọwọ́ Bàbá tó kù tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ilẹ̀, ó sì tún tún un wí.

Àǹtí Síńmá gé ègé kan lára fíìmù funfun tí àwòrán kò tíì dé, ó mú gègé. Ó ya Bàbá sórí ibùsùn. Ó ya aṣọ bò ó dé àyà, ó pa ojú rẹ̀ dé, ó to ọwọ́ méjèèjì lé ara wọn lórí ikùn rẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó sùn lẹ́yìn oúnjẹ. Irú ikú tó ń fẹ́ fún un nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìparí ìdì fíìmù tó ń tú náà.

Tàdáwà rẹ̀ ṣù jọ, ó yí kúrò lórí fíìmù bí omi ṣe ń yí lórí ewé kókò, ibẹ̀ sì funfun padà. Òòlù wálẹ̀. Láàárín òòlù àti ibùsùn, kò sí ọ̀nà. Aláàárín tó mọṣẹ́ rẹ̀ kò lè gba irú ibẹ̀ yẹn kọjá, bó ti wù kí èèyàn bẹ̀ ẹ́ tó.

Ó sunkún nígbà náà, ó sunkún dáadáa, ó sì nu ojú kó lè ríran. Ó yíjú sí Bàbá, ó wò ó. Kò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó ya ilẹ̀ náà. Ó ya orúnkún méjèèjì bí wọ́n ṣe wà, ó ya ọwọ́ tó tẹ́, ó ya ìhà tó wọlé. Ó dé orí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró, òòlù kò dúró, nítorí náà ó ya orí náà, ibi tó ṣì wà ní orí àti ibi tí kò sí mọ́, kò fi nǹkan kan bò. Kò dá a dojú bolẹ̀. Ojú Bàbá ló yà, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún ṣèèṣì pe orúkọ ẹlòmíràn sí i. Ó ń fi tàdáwà kun ẹ̀jẹ̀ yí i ká lọ́wọ́ nígbà tí ariwo náà dáwọ́ dúró.

Ojú tó ń wò ó kò rí i mọ́. Ìdì fíìmù ti ṣíwọ́ títú.

Nọ́ọ̀sì ti gbọ́ igbe, ó sáré wọlé, ó dé ẹnu yàrá, ó di òpó ilẹ̀kùn mú kó má bàa ṣubú. Ó wo ilẹ̀, ó wo ògiri. Ó wo obìnrin tó jókòó sínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú gègé lọ́wọ́.

"Àǹtí," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ta ló ṣe eléyìí?"

Àǹtí Síńmá fẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

"Àwa mẹ́ta ni," ó ní. "Èmi ni mo parí ẹ̀."